Òkúta Mọ́kàndínlógún Lẹ́nu Mi

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ̀yin ọmọ mi, bí mo sì ṣe ń wò yín yìí, àyà mi ṣì ń já. Ẹ sún mọ́ra. Àkànbí, ká ẹsẹ̀ rẹ kò, ẹní yìí kì í ṣe tìrẹ nìkan. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì kẹrin lẹ mọ òfin àpótí yìí jù mí lọ: ẹni tó bá jókòó lé e láàárọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun náà ò sì gbọdọ̀ parọ́. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti dé ilé ìwé yín, mi ò jókòó síbí rí. Gbogbo ìgbà tó bá ti kàn mí, màá ní ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí. Ọ̀nà ọ̀fun kankan ò dùn mí. Ẹ ò rí nǹkan, mi ò tíì dé inú àlá, mo ti ń jẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé àlá náà wá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà ní ilé ìwé ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, kí Ìyáàfin Akíndúró tó ni ilé ìwé yìí tó wá bẹ̀ mí. Níbi tí mo ti ń bọ̀, tíṣà ló ń béèrè, ọmọ ló ń dáhùn. Màá kọ ọ́ sójú pátákó pé, "Omi kò ní àwọ̀, omi kò ní òórùn, omi kò ní adùn." Àwọn ọmọ á fi kọrin, a ó nù ún kúrò, ó parí. Níbí, ẹ̀yin lẹ ń béèrè, ẹ̀yin náà lẹ ń wá ìdáhùn kiri inú ọgbà, iṣẹ́ tèmi ò ju kí n máa wí pé, "Kí lo rò?" Lọ́jọ́ tí mo dé ni Ìyáàfin ti kọ́ mi ní gbólóhùn yẹn. Ó ní kí n fi í sẹ́nu bí orín, kí n má yọ ọ́. Mo fi í sẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù máa ń bà mí nígbàkígbà tí mo bá sọ ọ́, torí mi ò mọ ibi tí ẹ máa gbé mi lọ.

Ẹ rántí Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ẹ lẹ ìbéèrè yín mọ́ ògiri ẹ̀yìn yẹn, agolo mílíìkì kọ̀ọ̀kan sì wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Oníkálukú ju òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo sínú agolo ìbéèrè tó wù ú, torí ìbéèrè tí òkúta rẹ̀ bá pọ̀ jù la máa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìbéèrè tí Tiwalọlá kọ ni pé, "Kí ló dé tí omi kànga wa fi ń gbóná láàárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú, tó sì ń tutù lọ́sàn-án?" Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀, ìwé Tiwalọlá ò sí lára ògiri mọ́. Agolo rẹ̀ ṣófo. Agolo Àkànbí, tó béèrè pé, "Kí ni ewúrẹ́ ń jẹ?", wá kún fún òkúta mọ́kànlélógún. Ẹ̀yin mọ́kànlélógún náà lẹ wà nínú kíláàsì yìí, ẹni méjì péré ló sì ń jẹ́wọ́ pé ewúrẹ́ lòun yàn. Ẹ ń wo ara yín lójú. Mo ní ọyẹ́ ló gbé ìwé náà gba ojú fèrèsé jáde. Ẹ ní kó tún un kọ, mo ní òfin lòfin, ìbéèrè tí ò bá sí lára ògiri nígbà tí a bá ń kà á ti bọ́ nìyẹn.

Tiwalọlá gbé agolo rẹ̀ dání. Ó kàn wò mí.

Lánàá tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ṣe fún ọmọ mi? Ọmọ tí kì í jẹ́ ká gbádùn nítorí kí-ló-dé, ó sọ fún mi pé òun ò ní béèrè nǹkan kan mọ́ láyé òun." Mo ní kó má dààmú, ọmọdé ni, á gbàgbé. Mo gé fóònù, mi ò lè jẹ oúnjẹ alẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé òní ni àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀, tí wọ́n máa wá wò ó bóyá ilé ìwé tí ọmọ ti ń béèrè tí tíṣà ń gbọ́ tọ́ sí ìwé àṣẹ. Kíláàsì wa ni wọ́n máa kọ́kọ́ wọ̀. Etí mi kan wà níbí, èkejì wà ní géètì. Pẹ̀lú gbogbo èyí lọ́kàn ni mo fi sùn lálẹ́ àná.

Nínú àlá náà, mo dé géètì ilé ìwé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Èkejì ti ṣáájú mi wọlé, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kí àwọn èèyàn nínú ọgbà. Mo ti géètì, kò ṣí.

Géètì ní, "Ìbéèrè rẹ dà?"

Mo ní, "Ìbéèrè wo?"

"Ó tán, o ti lo ọ̀kan. Ó ku ọ̀kan."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ti pẹ́, àwọn àlejò ti wà lọ́nà."

Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè. Abéèrè kì í ṣìnà, Àǹtí. Ẹni tí kì í béèrè ńkọ́?"

Ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í bá géètì jiyàn. Mo ronú títí, mo wá ní, "Kí ni ewúrẹ́ ń jẹ?"

Géètì rẹ́rìn-ín títí ìpẹtà fi ń já bọ́ lára rẹ̀. Ó ní, "O ti mọ ìyẹn kó o tó ya ẹnu. Èyí tí àwọn ọmọ fi òkúta wọn yàn ni mò ń bi ọ́. Ibo ló wà?"

Mo ní, "Ọyẹ́ ló gbé e lọ."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni òkúta wẹ́wẹ́ kan bọ́ sẹ́nu mi. Mi ò mọ ibi tó gbà wọlé. Ó jókòó sórí ahọ́n mi, ó ní, "Ọ̀kan." Géètì ní ó dáa, òun á ránṣẹ́ pe ọyẹ́ kó wá jẹ́rìí, ó sì ṣí fún mi. Mo dúpẹ́, mo wọlé.

Kíláàsì kankan ò sí nínú ọgbà. Ṣọ́ọ̀kì kan ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ó ní àwọn kíláàsì ti lọ kí àwọn òbí wọn, ọ́fíìsì Ìyáàfin sì ti bọ́ sínú kànga, inú kànga ni wọ́n ti ń retí mi. Mi ò bi í léèrè bí ọ́fíìsì ṣe dé inú kànga. Èmi kì í béèrè nǹkan. Mo kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣọ́ọ̀kì," mo sì yà sọ́nà kànga.

Tiwalọlá, ìwọ ni mo bá níbẹ̀. Ìwọ lo di okùn kànga mú. Aṣọ ilé ìwé rẹ lo wọ̀, ṣùkú tó wà lórí rẹ yìí náà ni. Àmọ́ o ò ní ẹnu. Ojú wà, imú wà, abẹ́ imú wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Kò tilẹ̀ yà mí lẹ́nu. Mo ní, "Káàárọ̀ o, Tiwa, ṣé o ti jẹun?" O nawọ́ sí korobá, o ní kí n wọ inú rẹ̀. Ọkàn mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, torí ẹ̀yin náà rí bí mo ṣe tóbi, mo sì mọ bí okùn yẹn ṣe tín-ín-rín. Àmọ́ mo wọ̀ ọ́.

Ìdérí kànga ló wá là mí lójú. Pákó tí a máa ń fi dé kànga yẹn náà ni, ó fara ti ògiri, ó ń gbá ara rẹ̀ ní abẹ̀bẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí Mosúnmọ́lá, ẹ má pẹ́ nísàlẹ̀ o. Bí agogo bá ti lù, màá dé ara mi. Ìbéèrè tí ọmọ yìí bá sì ní nínú tí kò tíì jáde, abẹ́ mi ló máa wà títí ayé. Kò ní béèrè mọ́."

Mo ní, "Ìgbà wo ni agogo máa lù?"

"Agogo ti ń bọ̀. Mọ́tò àwọn aláyẹ̀wò ló wọ̀."

Tiwalọlá ń tú okùn díẹ̀díẹ̀, korobá ń lọ sísàlẹ̀, okùn ń dún. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo gbójú sókè, ojú Tiwalọlá ń kéré sí i, mo fẹ́ sọ nǹkan fún un, mi ò rí i sọ. Òkúta tó wà lẹ́nu mi ní, "Sọ ọ́ nísinsìnyí." Mo ní kó dákẹ́, ọmọdé wà níbẹ̀.

Ọ́fíìsì náà ń léfòó lórí omi nísàlẹ̀. Tábìlì wà, fáànù wà, àwọn fáìlì to ara wọn sórí omi bí ewé òṣíbàtà. Ìyáàfin Akíndúró jókòó, ó ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sínú omi, ó sì ń pín ẹ̀pà fún àwọn aláyẹ̀wò mẹ́ta tí wọ́n wọ kóòtù dúdú, tí wọ́n de táì. Àga wọn ń yí lórí omi ní jẹ̀lẹ́ńkẹ́.

Ìyáàfin ní, "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ pẹ́ o. Ẹ ti ẹsẹ̀ bọ omi kí á lè bẹ̀rẹ̀."

Mo ti ẹsẹ̀ bọ omi títí dé orúnkún. Ọ̀gá àwọn aláyẹ̀wò ṣí fọ́ọ̀mù gbọọrọ kan. Ó wo fọ́ọ̀mù, ó wò mí, ó ní, "Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí, mà. Omi tí ẹsẹ̀ yín wà nínú rẹ̀ yìí, ṣé ó gbóná ni àbí ó tutù?"

Háà! Mo fẹsẹ̀ ro omi náà. Mi ò mọ̀. Mo tún un rò, mi ò mọ̀ síbẹ̀. Mo ní, "Omi kò ní àwọ̀, sà."

"A ò bi yín nípa àwọ̀."

"Omi kò ní òórùn, sà."

"Ẹsẹ̀ yín ṣáà ló wà nínú rẹ̀, mà?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, sà. Ó wà nínú nóòtì mi nílé." Òkúta kejì bọ́ sẹ́nu mi, ó ní, "Méjì." Àkọ́kọ́ sún fún un.

Ibi tí a ti ń wo ara wa ni ọyẹ́ ti wọlé. Ọkùnrin gíga kan ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun títí dé orúnkún, ètè rẹ̀ ti là, ó di ìwé ẹ̀sùn mọ́wọ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Wọ́n ní mo jí ìwé ọmọdé. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wá sí ìlú yìí, mo ń la ètè, mo ń sán ẹsẹ̀, mo ń mú aṣọ gbẹ kí aláṣọ tó kúrò nídìí rẹ̀. Mi ò jí nǹkan rí. Ta ló pè mí lólè?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi.

Mo ní, "Mi ò mọ ọkùnrin yìí rí." Òkúta kan bọ́ sẹ́nu mi. Mo ní, "Bóyá eku ni." Òmíràn. Mo ní, "Bóyá gọ́ọ̀mù ni ò mú un dáadáa." Òmíràn. Mo ní, "Fèrèsé ni kí ẹ bi." Fèrèsé yọjú látòkè, ó ní, "Ẹ má kó mi sí i, títì ni mo wà ní gbogbo òru yẹn." Òkúta mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè, ká má wá sọ ti olè fúnra rẹ̀. Omi ti kúrò ní orúnkún mi, ó ti dé itan. Látòkè, mo ń gbọ́ hóòn mọ́tò.

Ìyáàfin dá sí i. Ara rẹ̀ balẹ̀ bó ṣe máa ń balẹ̀ yìí. Ó ní, "Kò burú. Àǹtí, ẹ mú ìbéèrè kíláàsì yín jáde, kí àwọn àlejò wa lè rí bí àwọn ọmọ ṣe ń fi orí ara wọn ronú."

Mo nu ẹnu. Mo ní, "Kí ni ewúrẹ́ ń jẹ?"

Ọ̀gá aláyẹ̀wò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ìbéèrè tó dára gan-an! Ẹ jẹ́ ká ṣèwádìí rẹ̀." Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ni ìwo ti yọ lórí rẹ̀. Irùngbọ̀n yọ sí èkejì. Ẹ̀kẹta fi ọwọ́ lélẹ̀ kó lè mú bírò rẹ̀ tó já bọ́, kò nàró mọ́. Wọ́n di ewúrẹ́ mẹ́ta, kóòtù ṣì wà lọ́rùn wọn, táì sì wà níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," torí kóòtù yẹn. Èèyàn kì í mọ̀, ó lè jẹ́ pé àwọn ṣì ni wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Wọ́n jẹ fọ́ọ̀mù. Wọ́n jẹ kọ́tìnì. Èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ táì ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà ní, "O ṣeun." Ìyáàfin ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ pé, "Ewúrẹ́ ń jẹ fọ́ọ̀mù. Ewúrẹ́ ń jẹ kọ́tìnì." Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀kọ́ ń lọ dáadáa, Àǹtí."

Ọ̀gá ewúrẹ́ wá na ọrùn, ó fa rẹ́jísítà wa yọ láàárín àwọn fáìlì. Rẹ́jísítà kíláàsì kẹrin. Ó ṣí i pẹ̀lú imú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ orúkọ yín láti òkè wá. Ó jẹ Àkànbí. Má wo ara rẹ bẹ́ẹ̀, Àkànbí, o wà pérépéré, àlá ni. Ó jẹ Mofìyìnfólúwa, ó pẹ́ díẹ̀ nídìí ìyẹn torí orúkọ náà gùn. Ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, orúkọ kọ̀ọ̀kan tó bá jẹ ni ohùn ọmọ kan ń dákẹ́ lókè. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ẹ ti ń sọ̀rọ̀ lókè yẹn láti àárọ̀, torí ibi tí ariwo yín ti ń dín kù ni mo tó gbọ́ ọ. Ó wá ku orúkọ kan ṣoṣo.

Mo pariwo pé, "Sà! Ẹ má jẹ ìyẹn!"

Ewúrẹ́ náà dúró. Eyín rẹ̀ ti wà lórí T. Ó fi ohùn ọ́fíìsì sọ̀rọ̀, ó ní, "A lè fi í sílẹ̀, mà. A lè dá gbogbo rẹ̀ padà. Gbólóhùn kan péré la fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín, èyí tí ẹ ò sọ fún ọmọ kankan rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ gbólóhùn náà. Kò gùn. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́, àmọ́ òkúta tó kù ya wọlé, ẹnu mi sì kún. Òkúta mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀, ohùn yín ni wọ́n sì fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní, "Èmi kọ́ ni mo wọ agolo ewúrẹ́." Òmíràn ní, "Nínú agolo omi ni wọ́n fi mí sí, wọ́n wá kó mi kúrò níbẹ̀ nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ sílé." Wọ́n ń sọ ọ́ léraléra, wọn ò bínú, bí ìgbà tí ọmọ ń ka ìwé ni. Omi ti dé àyà mi. Ìyáàfin àti tábìlì rẹ̀ léfòó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní òun ń lọ gba àlejò ní géètì. Mo gbójú sókè. Tiwalọlá ṣì di okùn mú, kò fi mí sílẹ̀. Ìdérí ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀. Mo ń tu òkúta, bí mo bá tu ọ̀kan, ọ̀kan á padà. Mo ní, "Mmm… mmm…" Mo fẹ́ sọ ọ́. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́! Agogo sì lù, gban-an-an!

Mo jí.

Òógùn ti bò mí nínú òtútù yìí. Agogo náà tún lù, gban-an-an. Bàbá Dúró ọkọ mi ló ń fa omi ní ẹ̀yìnkùlé, korobá onírin wa ló ń kọ lu ògiri kànga. Ilẹ̀ ti ń mọ́. Mo dìde, mo mú kànhìnkànhìn, mo lọ wẹ̀. Korobá ti wà nílẹ̀ nínú balùwẹ̀. Mo ti nawọ́ sí kóòpù kí n tó rí i pé omi náà ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo pè é pé, "Bàbá Dúró, ta ló gbé omi kaná fún mi?"

Orín wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere. Ó ní, "Iná wo? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á ni."

"Ó gbóná."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí ọyẹ́ bá mú. Fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án, á tutù." Ó yọ orín lẹ́nu, ó wá bojú wo inú balùwẹ̀, ó ní, "Mosún, ọdún kejìlélógún rèé tí a ti gbẹ́ kànga yìí. Ìwọ náà kọ́ lò ń fi í wẹ̀ ni?"

Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi wà nínú omi, mo sì bú sẹ́kún. Ó rò pé ẹnì kan kú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe ọyẹ́. Èmi ni. Èmi ni mo já ìwé náà lára ògiri ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Èmi ni mo da òkúta yín sínú agolo ewúrẹ́, ojú ń kán mi débi pé mi ò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Mi ò fẹ́ dúró níwájú àwọn aláyẹ̀wò pẹ̀lú ìbéèrè tí mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀, nínú ilé ìwé tí wọ́n ti ní kí n má dáhùn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ tó ọjọ́ mẹ́rin. Bí Ìyáàfin bá gbọ́, tó bá ní kí n máa lọ sílé, mi ò ní bá a jà. Má sọkún, Mofìyìnfólúwa, mi ò tíì lọ.

Tiwalọlá, gba ìwé rẹ. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà láti Ọjọ́bọ̀, ìdí nìyẹn tó fi rún. Dákun, má bínú sí mi. Mo ka ìbéèrè rẹ nígbà tó pọ̀, mo sì wá nínú gbogbo nóòtì mi. Ohun tí mi ò rí sọ lójú àlá nìyí, ẹ̀yin mọ́kànlélógún sì ni ẹlẹ́rìí mi: mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ ìdí tí omi náà fi ń gbóná.

Hóòn nìyẹn. Ẹ gbọ́? Àwọn nìyẹn ní géètì. Ẹ jókòó, ẹ má sáré, ọkàn tèmi náà ń sáré tó.

Ta ló nawọ́ sókè? Tiwalọlá? Òfin àpótí ní kí n sọ̀rọ̀ tán ná, àmọ́ sọ ọ́, jọ̀ọ́, sọ ọ́. Sọ ọ́ sókè díẹ̀ kí gbogbo wa gbọ́.

O ní kí ni mo rò?

Háà, ọmọ yìí. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò tíì mọ ohun tí mo rò. Mo ṣì fẹ́ fọwọ́ kan omi kànga ilé ìwé yín wò ná, kí oòrùn tó gòkè. Ẹ dìde. Tiwalọlá, mú ìwé rẹ dání, ìwọ ni kó o ṣáájú. Àkànbí, gbé korobá, má fajú ro, ti ewúrẹ́ rẹ ń bọ̀. Kí ẹnì kan sáré lọ sí géètì, kó sọ fún àwọn àlejò pé kíláàsì kẹrin ò sí nínú kíláàsì, kí wọ́n wá bá wa nídìí kànga.